Ìpéǹpéjú Tó Rọ̀ Sílẹ̀, àti Ẹni Tó Ní Àtọ̀gbẹ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé ìdílé lẹ́ẹ̀kan yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó sì ti ń bá àtọ̀gbẹ jìjàdù láti bí ọdún mẹ́wàá, ni ó bi wá pé ṣé òun lè gbà kí wọ́n fi abẹ gé awọ ìpéǹpéjú òun tó ti rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Cotonou ti ń dá owó jọ. Ìgbéyàwó àbíkẹ́yìn wọn ń bọ̀ lọ́nà, wọn kò sì fẹ́ kí ìyá wọn dà bí ẹni tó ń tòògbé nínú fọ́tò. Ìyá fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, nítorí aládùúgbò kan ti sọ fún un pé ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, bí abẹ bá ti kan ara rẹ̀, ó parí.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò náà kì í ṣe òótọ́. Àwọn ọmọ náà pẹ̀lú, wọn kò tíì béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n ń béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, èló sì ni. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni pé, kí ló mú kí ìpéǹpéjú Màmá rọ̀? Nítorí kì í ṣe gbogbo ìpéǹpéjú tó rọ̀ ni ọjọ́ orí rọ̀. Nínú ilé tí àtọ̀gbẹ bá wà, ìpéǹpéjú lè máa jẹ́ iṣẹ́ tí àìsàn rán an, kí àwa sì pè é ní àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ti ọjọ́ orí. Awọ ìpéǹpéjú ni ó fẹ́lẹ́ jù lọ nínú gbogbo awọ ara ènìyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni a ń ṣẹ́jú lóòjọ́, ohun tí a bá sì ń lò tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má gbó. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, awọ náà a máa hunjọ, a máa dẹ̀, ọ̀rá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ a sì máa yọ síwájú bí àpò kékeré. Díẹ̀díẹ̀ ni èyí ń wá, ojú méjèèjì ló sì sábà máa ń bá. Ní ti àwọn mìíràn, awọ òkè a gorí irun ìpéǹpéjú, a sì dí ojú débi pé wọ́n ní láti gbé àgbọ̀n sókè kí wọ́n tó rí ẹni tó dúró níwájú wọn. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan mọ́. Ó di ọ̀rọ̀ ìríran, dókítà ojú sì ní bí ó ti ń wọn ibi tí ojú rí dé.

Ṣùgbọ́n bí ìpéǹpéjú kan ṣoṣo bá ṣàdédé já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, tí ènìyàn kan ń dà bí ènìyàn méjì lójú, tí ìrora sì wà lẹ́yìn ojú tàbí lókè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Iṣan kan wà tó ń gbé iṣẹ́ láti inú ọpọlọ lọ bá ẹran tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè, tó sì tún ń yí ẹyin ojú. Iṣan yìí ní òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ ọ. Àtọ̀gbẹ a máa dí irú òpó bẹ́ẹ̀, iṣan náà a sì sùn. Bí ó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ ló fà á, ó sábà máa ń jí padà fúnra rẹ̀ láàárín bí oṣù mẹ́ta, láìsí pé ẹnikẹ́ni mú abẹ. Ẹni tó bá sáré lọ gé awọ ojú bẹ́ẹ̀ ti gé ohun tí kò ṣẹ̀ é. Àmì kan náà yìí sì lè wá láti inú òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú orí tó sì fẹ́ bẹ́, pàápàá bí ọmọlójú ẹ̀gbẹ́ náà bá tóbi ju èkejì lọ. Nítorí náà, ìpéǹpéjú tó bá ṣàdédé já, ilé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn gan-an ni. Kò ní dúró de ọjọ́ ọjà Dassa.

Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, láàárọ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń wú. Bí ó bá jí, ìpéǹpéjú rẹ̀ a kún bí ẹni tó sunkún mọ́jú. Tó bá di ọ̀sán a fà díẹ̀, ẹsẹ̀ a wá wú ní tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ènìyàn a ní àgbà ni, tàbí kí wọ́n ní àìsùn ni. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi irú wíwú bẹ́ẹ̀ ṣeré, nítorí kíndìnrín tí ṣúgà ti ń bà jẹ́ lè máa jẹ́ kí omi dúró sí ara, ojú sì jẹ́ ibi tí omi náà ti máa ń kọ́kọ́ hàn, nítorí awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ìtọ̀ bá tún ń hó bí ọṣẹ, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò. Àyẹ̀wò kékeré ni. Omi ni irú àpò ojú bẹ́ẹ̀, abẹ kò sì lè gé omi kíndìnrín kúrò lójú.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń dùn wá jù lọ, nítorí ó wọ́pọ̀. Ìyá tàbí bàbá a ní, “Ojú mi ti ṣú, ìpéǹpéjú ló ń dí mi.” Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yìn inú ẹyin ojú, níbi tí àwòrán ohun tí a ń wò ti ń bọ́ sí, ni àtọ̀gbẹ ti ń dá ẹ̀jẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Kì í dunni. Ènìyàn lè máa lọ sóko, kó máa kọ ebè iṣu bó ti yẹ, kí ẹ̀yìn ojú rẹ̀ sì máa bàjẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí gbogbo ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lọ jẹ́ kí dókítà ojú kán omi tó ń la ọmọlójú sí i lójú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú tó bá bàjẹ́ níwọ̀n lè rí ìtọ́jú kó má bàa fọ́. Àrùn ojú funfun pẹ̀lú máa ń tètè bá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Bí a bá gbé ìpéǹpéjú sókè láìwo ẹ̀yìn ojú, a kàn ṣí fèrèsé yàrá tí àtùpà rẹ̀ ń kú lọ ni.

Àwọn kan yóò bi wá pé, kò ha jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí àgbàlagbà máa wá ẹwà lábẹ́ abẹ? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, 1958, ó ku ọjọ́ márùn-ún tí Póòpù Pius Kejìlá yóò kú, ó bá àwọn dókítà tó ń tún ara ṣe ní ilẹ̀ Ítálì sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí gan-an. Kò dá iṣẹ́ náà lẹ́bi. Ó ka ẹwà ara sí ohun rere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló ga jù, ó sì ní kí èrò ẹni tó fẹ́ ṣe é mọ́, kí ìdí rẹ̀ tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣe é, kí a má sì fi ìlera ara sínú ewu tó pọ̀. Ní tiwa, a kò rí ohun tó burú nínú pé kí ìyá fẹ́ kí ojú òun là ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣebí àwọn ìyá wa ti ń lé tìróò kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ dókítà abẹ. Ọ̀rọ̀ ewu ni ó kù tí a ó yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú kì í sì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní àríwá Benin, àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní trachoma máa ń yí ìpéǹpéjú sínú, tí irun rẹ̀ á máa ha ẹyin ojú títí ojú á fi fọ́. Wọ́n fi abẹ tún ìpéǹpéjú àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá ṣe nítòsí ilé wọn, wọ́n pín oògùn, wọ́n sì kọ́ni ní ìmọ́tótó ojú, títí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní oṣù Karùn-ún, 2023, pé àrùn náà kì í ṣe ìṣòro fún ìlera gbogbogbòò ní Benin mọ́. Nítorí náà kí ẹ má ṣe rò pé abẹ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ojú. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní ìpéǹpéjú, egbò rẹ̀ sì máa ń tètè jinná ju egbò ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ pàápàá, bí ṣúgà rẹ̀ bá dúró dáadáa, a lè ṣe é fún un kó sì san.

Bí kò bá dúró ńkọ́? Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò àrùn jà a di ọ̀lẹ. Òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó yẹ kó gbé oúnjẹ wá fún egbò a ti fún. Egbò tó yẹ kó pa ẹnu dé ní ọ̀sẹ̀ kan a ṣì máa ṣe omi. Àyẹ̀wò tí a ń ṣe láàárọ̀ kí a tó jẹun kò tó láti mọ èyí, nítorí ẹni tó bá ṣọ́ ẹnu fún ọjọ́ méjì lè mú ìwé tó dára wá. Àyẹ̀wò tó yẹ ni èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ti rìn fún bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí àwọn dókítà gbé jáde ní 2021 ni pé kí a gbìyànjú láti mú un wá sí ìsàlẹ̀ 8.5 nínú 100 kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò kánjú. Àwọn dókítà mìíràn ń fẹ́ kó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òun yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì fa ṣúgà tó ti ga fún ọdún pípẹ́ wálẹ̀ tipátipá. Bí ṣúgà bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀yìn ojú tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ lè burú sí i fún ìgbà díẹ̀. Oṣù ni a fi ń ṣe é, kì í ṣe ọjọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ ìgbéyàwó kọ́ ni yóò yan ọjọ́ abẹ fún Màmá. Bí kò bá bọ́ sí i, kó wọ gèlè rẹ̀ kó sì bẹ́rìn-ín sí fọ́tò bó ti wà. Àwọn àlejò tí yóò wá jẹ iyán kò ní wọn ìpéǹpéjú ẹnikẹ́ni.

Owó pẹ̀lú kì í ra ààbò. Ẹ rántí Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà. Ó lọ sí Marbella ní ilẹ̀ Sípéènì láti lọ fa ọ̀rá ikùn, ó sì kú ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, 2005, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ní Sípéènì dá dókítà náà lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n ọdún kan, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, kó sì san 120,000 owó yúrò fún ọmọ olóògbé. Ikùn ni tirẹ̀, kì í ṣe ojú, ẹjọ́ náà kò sì dá lórí àtọ̀gbẹ. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé, bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó Ààrẹ, kí àwa má ṣe tijú láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mú abẹ pé: ìwọ ha kọ́ iṣẹ́ ojú bí? Ta ni yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ àti èémí Màmá nígbà tí ìwọ bá ń gé? Bí nǹkan bá yí padà lóru, ta ni a ó ké sí?

Àwa náà ní ohun tí a gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn kan máa ń pa àtọ̀gbẹ mọ́ kí dókítà má bàa lé wọn padà. Ẹ má ṣe é. Ẹ kó gbogbo oògùn dání nínú àpò kan, ti òyìnbó àti àgbo, kó rí wọn. Aspirin máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn, àwọn àgbo kan àti ááyù púpọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní aspirin nítorí ọkàn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan wà tí orúkọ wọn parí sí “gliflozin”: ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni a ń dá wọn dúró. Ní ti insulin àti kóró tí a ń lò láàárọ̀, kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìyá yóò ti lò ó lọ́jọ́ náà, nítorí bí ó bá gba gbogbo rẹ̀ tí kò sì jẹun, ṣúgà lè já sísàlẹ̀ 0.70 lórí ẹ̀rọ, kí ara máa gbọ̀n, kí òógùn bò ó, kí ó sì dákú. Kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yóò ṣe láàárọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́, wákàtí kan tàbí méjì ni, ojú nìkan ni wọ́n sì sábà máa ń pa kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ènìyàn máa lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Níbí ni a ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ wa dáadáa. Láti Cotonou dé Dassa jẹ́ bí 200 kìlómítà, ó sì tún ku ọ̀nà Gbaffo. Ìjàǹbá tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n bí yóò bá ṣẹlẹ̀, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn lọ́hùn-ún lẹ́yìn ẹyin ojú, a tì í síwájú, a sì fún iṣan ìríran mọ́lẹ̀. Ìrora rẹ̀ a le, ojú a yọ síta, a sì ṣókùnkùn. Bí dókítà kò bá tú u láàárín wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì, ojú náà lè fọ́ pátápátá. Ẹni tí irú èyí bá bá nínú ọkọ̀ ní Bohicon, kí ni yóò ṣe? Nítorí náà kí owó tí àwọn ọmọ ń dá gba ilé tí Màmá yóò sùn sí nítòsí ilé ìwòsàn, òru kan ó kéré tán, pẹ̀lú ọmọ kan tí yóò máa jí i, tí yóò sì máa bi í pé ìka mélòó ni mo nà yìí.

Bí wọ́n bá padà délé, kí orí ìrọ̀rí ga. Kó má tẹ̀ba láti gbé garawa, kó má gbé ẹrù wúwo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Eruku zémidjan, eruku ọyẹ́, àti eruku àwọn ìyá wa tó ń fọ́ òkúta kò yẹ egbò ojú. Tìróò ńkọ́? Kó dúró títí dókítà yóò fi ní ó tó, nítorí ó ń gbé ìdọ̀tí, òjé sì wà nínú òmíràn. Omi ọmú, omi ewé, ìtọ̀ ọmọdé, kí ìkankan nínú wọn má kan ojú náà, ẹni yòówù kó mú un wá. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí méje ni wọ́n sábà ń yọ okùn tí wọ́n fi rán awọ. Ojú tó wú tó sì dúdú a máa gba bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ó máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Oògùn tí àwọn dókítà kan ń fúnni kí ojú má bàa wú púpọ̀ máa ń gbé ṣúgà sókè, kí wọ́n béèrè kó tó gbé e mì. Bí ibi tí wọ́n gé bá ń pọ́n sí i dípò kó máa rọlẹ̀, bí ó bá ń ṣe ọyún, bí ara bá ń gbóná, kí wọ́n padà lọ. Bí ẹ̀rọ bá sì ń fi hàn pé ṣúgà ń gòkè, tí Màmá kò yí oúnjẹ padà, tí kò sì fo oògùn, kí wọ́n lọ pẹ̀lú: egbò lè ti máa kẹ̀ lábẹ́ awọ, kí ẹnikẹ́ni tó rí i lókè.